Ọjọ́ tí AI mi pe olùkọ́ wa ní ẹ̀bà

Ẹ má rín mi o. Àbí kẹ́ ẹ kúkú rín mi, gbogbo kíláàsì ti rín in tán kó tó kàn yín.

400 level la wà, wọ́n fún wa ní kóòsì AI (kíkọ́ kọ̀ǹpútà kó lè ronú bí èèyàn) pẹ̀lú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, yúníìtì 3. Èmi rò pé mo ti mọ Python ná, ṣebí mo ti fi ṣe kalikulétọ̀ kan rí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tẹ́ ẹ bá lọ fi òdo pín nǹkan. Olùkọ́ wa ní ká lọ kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi fọ́tò dá nǹkan méjì mọ̀ yàtọ̀. Àwọn tó kù sáré mú ajá àti ológbò torí fọ́tò wọn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní jáde nínú yàrá rárá. Èmi ní lái lái, ọmọ Yorùbá ni mí, àmàlà àti ẹ̀bà ni tèmi.

Fọ́tò 120 àmàlà, 120 ẹ̀bà. Ti àmàlà, bùkà Ìyá Alámàlà tó wà lẹ́yìn géètì ni mo lọ, abọ́ funfun ló ń lò látòkè délẹ̀, mo wá ń bẹ àwọn kọ́sítọ́mà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n ya àmàlà yín. Àwọn kan rò pé wolé-wolé ni mí. Bàbá kan tiẹ̀ ṣí fìlà, ó fi bo oúnjẹ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, owó ọwọ́ mi sì tán torí Ìyá ní ẹni tí ò bá jẹun ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀.

Ìgbà tó wá kan ẹ̀bà, mo gba ilé lọ. Mọ́mì mi tẹ ẹ̀bà kan sínú abọ́ rọ́bà búlúù, ẹ̀bà kan ṣoṣo yẹn ni mo yà ní ìgbà 120, mo yà á látòkè, mo yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé e lọ sí ojú wíńdò, mo gbé e padà sábẹ́ gílóòbù, títí ẹ̀bà fi le gbagidi. Mọ́mì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí o fẹ́ gbé e níyàwó?"

Orí Google Colab, ojúlé Google tí wọ́n ti ń kọ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti kọ kóòdù ẹ̀, torí láptọ́ọ̀pù mi, tẹ́ ẹ bá ti ṣí tab mẹ́ta á máa ké bí ẹ̀rọ ata. Mo lo MobileNet, AI kan tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, ìyẹn ti wo àìmọye fọ́tò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìparí ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Python, ẹ mọ̀ pé àlàfo iwájú ìlà ló fi ń mọ ohun tó wà nínú kí ni, mo wá lọ da bọ́tìnì tab pọ̀ mọ́ bọ́tìnì space láti fi ṣe àlàfo, Python kọ̀ jálẹ̀, ó ní TabError, aago méjì òru mo ṣì ń wo àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Nígbà tó wá rọ́ọ̀nù, accuracy: 1.0. Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Mo gbé e sí status. Ó yẹ kẹ́rù bà mí, ẹ̀rù ò bà mí.

Ọjọ́ present dé, mo tan kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù, mo gbé fọ́tò àmàlà síwájú ẹ̀, ó ní AMALA. Mo gbé ti ẹ̀bà, ó ní EBA. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú olùkọ́ wa dùn, ó bá dìde kó wá wò ó dáadáa, ó sì wọ bùbá àti ṣòkòtò búlúù lọ́jọ́ náà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ síwájú kámẹ́rà báyìí, ojú ẹ̀ àti bùbá ẹ̀ kún ojú prójẹ́kítọ̀, lẹ́tà ńláńlá lórí ẹ̀:

EBA 99.6%

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn wá rọra ní, "Ọbẹ̀ dà?"

Mo sáré yí láptọ́ọ̀pù kọjú sí ògiri funfun. AMALA 98%.

Olùkọ́ wa wo ògiri, ó wò mí. "Ọ̀gbẹ́ni, ewédú tiẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì nù. Ẹgbẹ́ aláwàdà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Monty Python ni Guido van Rossum, ẹni tó dá Python sílẹ̀, ti mú orúkọ èdè yìí, kì í ṣe ejò, nítorí náà mi ò mọ ìdí tó fi yà mí lẹ́nu pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ní, "Ìwọ ò kọ́ ọ ní oúnjẹ, àwọ̀ abọ́ lo kọ́ ọ." Pé ẹ̀bà kan náà tí mo fi kọ́ ọ ni mo tún fi dán an wò, ìyẹn expo ni mo ṣe fún un. Pé nǹkan méjì péré ni mo fún un láti mú, kò láyè láti sọ pé òun ò mọ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, ìyẹn lòun náà ṣe di ẹ̀bà. Ó ní lọ́dún 2016 àwọn kan ní University of Washington ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò ìkookò àti ajá husky, yìnyín wà nínú gbogbo fọ́tò ìkookò, kọ̀ǹpútà wá ń wo yìnyín dípò ẹranko. "Àmọ́ àwọn yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tiwọn ni. Ìwọ fi tọkàntọkàn ṣe tìẹ."

Ó fún mi lọ́sẹ̀ kan kí n lọ tún un ṣe. Mo gbé abọ́ búlúù mọ́mì mi, ó di bùkà, mo ní Ìyá ẹ jọ̀ọ́, inú eléyìí ni kẹ́ ẹ bu tèmi sí. Ìyá ní, "Kí ló ṣe abọ́ tèmi?" Ó ṣáà bù ú. Mo wá ṣe àṣìṣe kan, mo ní kí n kọ́kọ́ fi AI mi àtijọ́ yẹn dán an wò lórí fóònù, Ìyá sì dúró lẹ́yìn mi.

EBA 97%.

"Àmàlà tèmi?" Ìyá ní. "Àmàlà tèmi ni fóònù ẹ ń pè ní ẹ̀bà?"

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, tòun tàmàlà. Títí dòní mọ́mì ṣì ń bi mí pé abọ́ òun dà.