Pákó àárín fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan o. Tábìlì kọ́sítómà ni, pákó ìrókò mẹ́ta tí mo ti fá ojú ẹ̀ dáadáa, mo fi gọ́ọ̀mù funfun sí wọn létí, mo kó wọn pọ̀, mo wá ń fún kíláǹpù (irin tá a fi ń fún pákó pọ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi gan). Àfi bí pákó àárín ṣe ń yọ̀ gòkè bí ẹja àrọ̀! Mo fi òòlù gbá a wálẹ̀ níbí, ó tún yọ lọ́hùn-ún, ọmọ iṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mi ò rí òun.

Ooru sì mú, gọ́ọ̀mù ti fẹ́ máa gan. Ni mo bá tú gbogbo ẹ̀, mo fi àkísà tútù nù ún, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo wá igi méjì tó gún, mo fi náílọ̀n wé e kó má lẹ̀ mọ́ tábìlì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, mo fi kíláǹpù kékeré dè é. Mo ti kọ́kọ́ wọ́n hóró iyọ̀ díẹ̀ sí gọ́ọ̀mù kí n tó kó àwọn pákó pọ̀, òun ló ń di pákó mú kó má yọ̀ (ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ṣe é, mo rò pé oògùn ni nígbà yẹn 😂). Kíláǹpù gígùn, ọ̀kan gba abẹ́ ọ̀kan gba òkè, torí tí gbogbo ẹ̀ bá wà lápá kan, tábìlì á tẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo fi èékánná wọ́ ojú ẹ̀ kọjá, kò kọ́ nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ wá ń bi mí pé ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ náà ni àbí òmíì wà.