Ọjọ́bọ̀: Téèpù, iyanrìn, àti àwọn tó fò ní Nagano

Oorun kò kùn mí lálẹ́ yìí. Látìgbà tí a ti jẹun tán ni mo ti ń wo fídíò ìdíje fífò síkì ti àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tí wọ́n ṣe ní Nagano, lórílẹ̀-èdè Japan, lọ́dún 1998. Mo fẹ́ kọ ohun tó wà lọ́kàn mi sílẹ̀ kí iná tó lọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mi á mọ ìdí tó fi gbà mí lọ́kàn tó báyìí: tíṣà eré ìdárayá ni mí níbí ní Iléṣà, èmi ni mo sì máa ń di téèpù mú létí kòtò iyanrìn tí àwọn ọmọ bá ń fo lọ́ǹgì-jọ́ǹpù.

Lónìí la ṣe híìtì fún ìdíje àwọn háòsì. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku gba ojú pápá, ètè gbogbo ọmọ funfun. Ọmọkùnrin kan láti Búlúù Háòsì sáré wá, ó tẹ pákó dáadáa, ó fò débi pé àwọn tó wà lábẹ́ igi máńgòrò hó yèè kó tó balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n bó ṣe balẹ̀ ló fì sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ òsì gún iyanrìn kó má baà fi ìdí jókòó. Ibi tí ọwọ́ yẹn kàn ni mo ti wọ̀n ọ́n. Òfin ni pé nínú gbogbo ibi tí ara kàn, ojú àpá tó bá sún mọ́ pákó jù lọ là ń lò. Ọmọ Yẹ́lò Háòsì kan, tí kò fò tó o lójú ẹnikẹ́ni, ló wá borí rẹ̀.

"Sà, ẹsẹ̀ mi jìnnà!" Omi ti lé sí i lójú.

"Ó jìnnà. Mo rí i. Wá wo ọwọ́ rẹ níbí."

Mi ò kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi réèkì kan iyanrìn títí ọmọ tó fò á fi fojú ara rẹ̀ rí àpá náà. Ọ̀dọ̀ Bàbá, tó fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ náà wò ó, ó dákẹ́, ó lọ. Nígbà tí iléèwé jáde, kò kí mi.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá bí àwọn tó ń fò jù wá lọ ṣe ń wọ̀n tiwọn.

Ẹni tí kò bá wo eré náà rí, báyìí ló ṣe rí. Ọkùnrin kan á jókòó sórí ọ̀pá kan lókè téńté, pákó síkì gígùn méjì á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tí iná bá ti di àwọ̀ ewé, tí kóòṣì rẹ̀ bá sì ju àsíá sí i, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ipa méjì tí wọ́n là fún síkì, á lóṣòó, á tẹ orí mọ́lẹ̀, á máa já bọ̀ títí eré rẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Àbúrò ìyàwó mi tó jókòó tì mí rí bí wọ́n ṣe lóṣòó, ló bá pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, Òṣómàáló ni gbogbo wọn!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin náà bá dé etí ibi tí ọ̀nà ti gé, á na ara rẹ̀ jáde, ó di ojú òfuurufú. Kò sí ìyẹ́, kò sí okùn. Á dà síwájú títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí pákó, á ya orí pákó méjèèjì sọ́tọ̀ bíi lẹ́tà V kí atẹ́gùn lè rí i gbé láti ìsàlẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé síkì méjèèjì papọ̀. Jan Boklöv, ará Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà á láàárín àwọn ọdún 1980. Àwọn adájọ́ ń gé máàkì rẹ̀ torí pé kò dùn ún wò lójú wọn, síbẹ̀ ó gba ife àgbáyé ti sáà 1988 sí 1989. Nígbà tó fi máa di Òlíńpíìkì 1992, ọmọ ọdún 16 kan láti Finland, Toni Nieminen, ti fi V yẹn gba wúrà.

Atẹ́gùn wọn yàtọ̀ sí tiwa pátápátá. Níbi lọ́ǹgì-jọ́ǹpù, èyí tó ń ti ọmọ lẹ́yìn ló ń ràn án lọ́wọ́, tó bá sì ti ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sẹ́ni tó máa kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ pé ó borí ti àtẹ̀yìnwá. Níbi síkì, atẹ́gùn tó dojú kọ èèyàn ló ń gbé e. Tẹ̀yìn ló ń tẹ̀ ẹ́ rì. Lóde òní, wọ́n máa ń yọ máàkì lára ẹni tí tiwájú ràn lọ́wọ́, wọ́n á sì fi kún ti ẹni tí tẹ̀yìn dà láàmú. Ní Nagano, kò tíì sí irú ẹ̀. Ohun tí atẹ́gùn bá fún ọ lo máa gbà.

Ìlà kan wà lára òkè náà tí wọ́n ń pè ní K. Lórí òkè ńlá tí wọ́n lò ní Nagano, 120 mítà ni. Ẹni tó bá balẹ̀ síbẹ̀ ní 60 máàkì. Mítà kọ̀ọ̀kan tó bá lé ń fi 1.8 kún un, èyí tó bá dín ń gé 1.8 kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àwọn adájọ́ márùn-ún. Máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò lè ju 20 lọ, wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bó ṣe fò àti bó ṣe balẹ̀: ẹsẹ̀ kan níwájú, ìkejì lẹ́yìn, orúnkún rọ̀, apá méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan yìnyín, máàkì àwọn adájọ́ ni yóò pàdánù. Mítà rẹ̀ dúró, nítorí pé àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ti ń wọ̀n. Mo dá fídíò dúró nígbà tí mo gbọ́ èyí. Ọmọ Búlúù Háòsì ì bá mú mítà rẹ̀ lọ sílé.

Kí kámẹ́rà tó gba iṣẹ́ náà, èèyàn ló ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, olúkúlùkù ń ṣọ́ ìwọ̀nba mítà díẹ̀. Ẹni tí olùfò bá balẹ̀ síwájú rẹ̀ ló máa sọ iye rẹ̀, títí dé ìdajì mítà. Àpá kankan kò dúró dè wọ́n bíi ti iyanrìn wa. Ojú lásán ni, nínú òtútù tó lè sọ ìka di igi, ẹni tó ń kọjá lọ níwájú wọn sì ń sáré bíi mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Kámẹ́rà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 1998, Masahiko Harada, ọmọ Japan, fò kọjá ibi tí ẹ̀rọ lè wọ̀n dé. Gbogbo èèyàn ń wo pátákó, nọ́ńbà kò jáde. Ó di kí èèyàn lọ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé 136 mítà ni, òun sì ni ìwọ̀n náà fún ní idẹ.

Ta ni Harada yìí? Lọ́dún 1994, ní Lillehammer, òun ló fò kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ Japan nínú ìdíje ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ohun tó kù kí wúrà di tiwọn kò ju nǹkan bíi 105 mítà lọ, ó sì ti fò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní ìgbà àkọ́kọ́. 97.5 ló fò. Jámánì gba wúrà, Harada sì káwọ́ lérí lójú gbogbo ayé. Ọdún mẹ́rin gbáko ló gbé e rù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 1998, ìdíje ẹlẹ́ni mẹ́rin tún dé, nílé Japan fúnra wọn. Yìnyín ń já bọ́ wìtìwìtì. Nígbà tó kan Harada, kò ríwájú, yìnyín ti kún ipa, 79.5 mítà ló fò. Japan ṣubú sí ipò kẹrin. Ìjì wá le débi tí wọ́n dá ìdíje dúró, bí wọ́n bá sì fagi lé abala kejì, ipò kẹrin yẹn ni Japan máa dì mú. Ohun tí wọ́n wá ń wò ni bóyá ẹnikẹ́ni ṣì lè fò láìfara pa.

Àwọn tó fò fún wọn wò ni mo fẹ́ kí orúkọ wọn dé etí gbogbo ènìyàn. Àwọn 25 ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dán òkè wò kí àwọn tí wọ́n ń ka máàkì fún tó fò, kí síkì wọn sì gbá yìnyín kúrò nínú ipa. Jinya Nishikata wà nínú wọn, ẹni tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó pàdánù wúrà pẹ̀lú Harada ní 1994. Ó ti fara pa, wọn ò mú un sínú ẹgbẹ́. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni Harada wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìbọ̀wọ́ Noriaki Kasai, tí wọn ò fi sí ara àwọn mẹ́rin ọjọ́ náà, ló sì kó sọ́wọ́. Ọmọbìnrin iléèwé kan tún wà láàárín àwọn 25 náà, nígbà tí kò tíì sí fífò síkì fún obìnrin ní Òlíńpíìkì rárá. Sochi 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn fò nínú ìjì yẹn. Nishikata fò kọjá K. Ìwé èsì kankan kò gbé mítà tiwọn.

Wọ́n ní kí ìdíje máa lọ. Harada gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fò 137 mítà. Kazuyoshi Funaki ló kádìí rẹ̀, wúrà di ti Japan. Harada ń sunkún débi pé ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà ń nu ojú, ìyàwó mi ń bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan, àmọ́ nǹkan wà.

(Ìyàwó mi wá béèrè bóyá ọmọ wa kankan ń ṣe eré inú òtútù. Mo sọ fún un nípa Simidele Adeagbo, tó gun skeleton, ìyẹn pákó kékeré tí èèyàn ń dojú bolẹ̀ lé lórí tó ń fi orí ṣáájú já bọ̀ lójú ọ̀nà yìnyín, fún Nàìjíríà ní PyeongChang lọ́dún 2018. Kòtò iyanrìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Trípù-jọ́ǹpù ló ń fò tẹ́lẹ̀. Màá sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin iléèwé wa.)

Mo pe Bàbá lórí fóònù.

"Ẹ kú alẹ́ sà. Ṣé ẹ ò tíì sùn?"

"Ta ló ń rí oorun sùn nínú ọyẹ́ yìí? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ ìtàn 1924 fún wọn, torí èyí ni mo mọ̀ pé ó máa dùn mọ́ wọn jù. Chamonix, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́. Anders Haugen, ọmọ Norway tó ti di ará Amẹ́ríkà, fò 50 mítà, òun ló fò jìnnà jù lọ. Àwọn adájọ́ kò fẹ́ràn bó ṣe ń fò, wọ́n fi sí ipò kẹrin. Thorleif Haug ti Norway, tó ti gba wúrà mẹ́ta ní ìdíje kan náà, ló gba idẹ pẹ̀lú 18.000, Haugen ní 17.916. Àwọn tó ro máàkì Haug ló ṣì í rò: 17.821 ló yẹ kó jẹ́. Ọdún 1974 ni àṣírí tú. Haug ti kú látọdún 1934. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé idẹ náà lé Haugen lọ́wọ́ ní Oslo, nígbà tí bàbá náà ti pé ẹni ọdún 85.

"Ta ló lọ tú ìwé yẹn wò?"

"Àwọn ará Norway fúnra wọn ni sà. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, Thoralf Strømstad, wà nínú ẹgbẹ́ wọn ní 1924 gan-an."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèyí tilẹ̀ lé ọgbọ̀n sí i."

"Kì í ṣe irọ́ sà. Àṣìṣe ìṣirò ni."

"Ẹni tí wọ́n gba idẹ rẹ̀, ṣé ó mọ ìyàtọ̀?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo jẹ́ kí ọmọ Búlúù Háòsì wo àpá ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi réèkì kàn án. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da ara síwájú. Ipò kejì tó ṣe ò lé e kúrò ní fáínà, ààyè ṣì wà. Lẹ́yìn ìpàdé àárọ̀ lọ́la ni màá pè é.

Àwọn ọmọ tó ń fi réèkì tún iyanrìn ṣe náà ló wà lọ́kàn mi. Lọ́dọọdún, wọ́n á wà nínú oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, orúkọ wọn kì í sì í sí nínú ìwé ètò. Mo ti fi orúkọ wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọ̀gá tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wa ní Ẹrẹ́jà, pé kó kọ wọ́n sábẹ́ àwọn adájọ́. Ó fèsì pé ojú ìwé ti kún. Mo ní kó yọ fọ́tò mi.