Gbígbé mì ló kù

"Ọmọ yìí ti bá mi rún ẹran náà tán, gbígbé mì ló kù."

Ohun tí Dádì sọ fún ọ̀rẹ́ wọn lẹ́yìnkùlé nìyẹn, nígbà tí wọ́n rò pé mo ti wọlé lọ gbé omi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo ṣì wà, ìgò omi lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. Dádì náà rẹ́rìn-ín, àbí ikọ́ ni, mi ò lè sọ. Àwo ti mọ́, wọ́n ti sùn, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́kàn mi.

Ṣé ọpẹ́ ni? Ṣé ẹ̀dùn ọkàn ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bàbá mi, wọn kì í sọ ohun tó ń dùn wọ́n ní tààrà. Eyín ẹnu wọn kò pé mọ́, ẹ sì mọ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ eyín àtọwọ́dá náà dé. Ó ṣì wà nínú ife lójú fèrèsé.

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Mo jí lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, òjò ṣú, kò rọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn wọkọ̀ láti Oǹdó, wọ́n dé lọ́sàn-án. A dáná, a jẹ, àwọn méjèèjì ta ayò, àlejò padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹran tí a sun lórí iná ni Dádì fẹ́ràn jù. Ọmọ Oǹdó ni wọ́n, ẹ má jẹ́ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé asun fún ara wa. Ewúrẹ́ tí iná ti jó awọ rẹ̀, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí, tí awọ yẹn yóò máa fà lẹ́nu, tí èèyàn yóò máa bá a jà. Ìjà yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Wọn ò lè bá a jà mọ́. Níbi ìnáwó oṣù tó kọjá, mo rí wọn tí wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fa omi ata rẹ̀ mu títí, wọ́n wá rọra tu ú sínú bébà ìnuwọ́, wọ́n ká bébà náà pọ̀, wọ́n sì fi sápò. Kò sẹ́ni tó rí i àfi èmi. Ìdí tí mo fi ní kí n ṣe bọ́gà nìyẹn, ẹran lílọ̀ tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a sun, tí a fi sáàárín búrẹ́dì. Ẹran ni, iná èédú ni, èéfín wà lára rẹ̀, kò sì béèrè eyín.

Mo sì ṣe é bó ṣe yẹ ká ṣe é. Igẹ̀ ẹran ni mo ní kí alápatà gé fún mi, tọ̀rátọ̀rá, nítorí bí ọ̀rá kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún, gbígbẹ ni yóò gbẹ lórí iná. Ilé ni mo ti fi ẹ̀rọ tí à ń fọwọ́ yí lọ̀ ọ́. Mi ò po iyọ̀ mọ́ ọn, torí iyọ̀ tó bá wọ inú ẹran lílọ̀ á mú kó dì mọ́ra, kó le. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó wọ iná ni mo wọ́n ọn sí i lára. Mo fi àtàǹpàkò tẹ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kó jìn díẹ̀, torí àárín yẹn ló máa ń wú. Mo dúró kí eérú funfun bo èédú, mo wá kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ibi kan gbóná gan-an, kí ibi kejì má le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa fi ṣíbí tẹ ẹran náà mọ́lẹ̀ nítorí ó ń gbádùn bó ṣe ń dún. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dún yẹn, omi àti ọ̀rá tó yẹ kó kù nínú ẹran ló ń ṣàn sínú iná.

Mo jẹ́ kó jinná dénú. Ẹran tí a kò lọ̀, ara rẹ̀ lóde ni kòkòrò àrùn sábà máa ń wà, iná á sì bá a níbẹ̀. Tí a bá ti lọ̀ ọ́, ohun tó wà lóde ti dé inú. 71 lórí tẹ̀mómítà Sẹ́síọ́ọ̀sì (°C) ni ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ní Amẹ́ríkà, òun náà ni mo tẹ̀lé. Ẹni tó ti lé ní 80 ọdún, mi ò ní fi inú wọn dánra wò.

Ohun tí a ó fi jẹ ẹ́ ló gba ìrònú mi jù. Àsìkò àgbàdo la wà, láti títì Ọba Adésídà dé ọ̀nà FUTA, òórùn àgbàdo sísun ni. Ẹni tó bá dáná lóde lásìkò yìí, àgbàdo ló kọ́kọ́ ń wá. Mi ò rà á. Mi ò fẹ́ kí ohun kan wà lórí tábìlì tí gbogbo wa á máa jẹ, tí Dádì á máa wò. Bọ̀ọ̀lì ni mo sun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà, ní ẹ̀gbẹ́ tí iná ò ti le, títí omi dídùn fi ń yọ lára rẹ̀. Mo rẹ́ kábéèjì wínníwínní, mo da iyọ̀ àti fínígà sí i, mo fọwọ́ fún un títí ó fi rọ̀. Ẹran tó lọ́ràá ń fẹ́ ohun tó kan díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ màyónéèsì tí gbogbo ayé ń dà sí i. Mo sun tàtàṣé àti àlùbọ́sà, mo bó èèpo tàtàṣé, mo fi rodo kan gún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àlejò wa béèrè pé iyán ńkọ́.

Gbogbo orí tábìlì ló rọ̀. Nísinsìnyí tí mo ń kọ ọ́ ni mo ń rí i. Ọ̀rẹ́ wọn, tí eyín ẹnu wọn ṣì pé, ń jẹ ohun rírọ̀. Àwọn ọmọ ń jẹ ohun rírọ̀. Ṣé ohun tí Dádì rí nìyẹn?

Ó tiẹ̀ ń bí mi nínú díẹ̀. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣé wọn ò lè sọ fún mi ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún?

Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n jẹ! Odidi méjì, ẹni tó ń fi oúnjẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ṣí búrẹ́dì òkè kúrò, wọ́n fi ìka fa ata tàtàṣé yẹn káàkiri ojú ẹran, wọ́n dé e padà, wọ́n sì dijú jẹ ẹ́. Ọ̀rá ṣàn dé ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n lá a. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í lá ọwọ́.

Àbí ó ń lá a?

Nígbà tí àbúrò mi wà lọ́mọ ọwọ́, Dádì fúnra wọn ló máa ń rún ẹran fún un. Mo rántí dáadáa, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á wò ó bóyá iṣan kankan kù nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ìka tì í sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kà á sí àbùkù. Bóyá ohun tó wá sí wọn lọ́kàn nìyẹn tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ nìyẹn, eyín rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà ni…

Àlejò wa ní àwọn máa mú ewúrẹ́ bọ̀ láti Oǹdó tí àwọn bá tún ń bọ̀. Mo ti ń rò ó. Ẹran ewúrẹ́ kì í lọ́ràá tó, màá ní láti po ọ̀rá màlúù mọ́ ọn. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó awọ rẹ̀. Àbí kí n má tiẹ̀ lọ̀ ọ́, kí n sè é kó rọ̀ díẹ̀, kí n fi ọ̀bẹ gé e kéékèèké, kí nǹkan díẹ̀ ṣì kù tí wọ́n lè bá jà. Tó bá wá há wọn lọ́fun ńkọ́? Lọ́la, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá bi wọ́n èwo ni wọ́n fẹ́. Èyí tí wọ́n bá mú ni màá ṣe. Màá sì ra àgbàdo fún àwọn ọmọ.