Washington tí mo ń gbé

Ọjọ́ tí mo pe Màmá pé mo ti rí yàrá kan háyà ní Washington, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ibẹ̀ ò jìnnà sí ilé Ààrẹ?"

Mo ní, "Màmá, England ni mo ṣì wà o. Ẹ̀gbẹ́ Sunderland ni."

"Ta ló wá gbé Washington débẹ̀?"

Ibí gan-an ni wọ́n ti gbé e lọ. "Ton" tó kẹ́yìn orúkọ yẹn, abà ni láyé àtijọ́. "Ing" àárín rẹ̀ sì ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn ẹnì kan. Àwọn tó ń tú orúkọ ìlú gbà pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hwæsa ló ni wọ́n. Abà àwọn ọmọ Hwæsa, bí a ṣe ń sọ pé Abúlé Ẹgbá. Ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀, ìyẹn "wash", ò sí níbẹ̀ rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 1180, William de Hertburne gba ilẹ̀ níbí, ó sì sọ orúkọ ìlú di orúkọ ara rẹ̀, bí Sheikh Adam ṣe ń jẹ́ al-Ilory. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹ lọ títí John Washington fi wọkọ̀ ojú omi dé Virginia ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1656. John yìí ló bí bàbá bàbá George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1791, wọ́n fi orúkọ George sọ olú-ìlú Amẹ́ríkà.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1853. Àwọn kan lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní kí wọ́n sọ ilẹ̀ àwọn ní Columbia. Àwọn aṣòfin ní rárá, pé wọn á máa ṣì í mú fún District of Columbia, agbègbè tí olú-ìlú yẹn wà. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Washington!

Ilé tí wọ́n tún kọ́ síbi tí ilé àwọn Washington wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè, ilé olókùúta kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje, wọ́n máa ń bá Amẹ́ríkà ṣe àjọ̀dún òmìnira níbẹ̀, nílẹ̀ àwọn tí Amẹ́ríkà gbòmìnira lọ́wọ́ wọn gan-an. Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá gbin igi kan sí abúlé yìí ní 1977.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣàlàyé fún Màmá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Màmá ti ní kí ìjọ bá àwọn dúpẹ́, ọmọ àwọn ti wà ní Washington. Ìjọ ò béèrè èwo. Màmá náà ò sọ.