Ẹni tó ń wò ó kò sún mọ́ ọn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkun ọmọ ogun orí tábìlì

Ẹni tó ń ṣe eré ogun orí tábìlì, eré tí a fi ère ọmọ ogun kéékèèké jagun, kì í gbé ọmọ ogun sójú wò. Ó dúró ni, tábìlì sì wà ní ìbàdí rẹ̀, àwọn ọmọ ogun wà níwájú ní nǹkan bí mítà kan. Láti ibẹ̀, kò rí bọ́tìnì, kò rí ìpéǹpéjú. Àwọ̀ aṣọ ló ń rí, àti ojú lábẹ́ fìlà, àti àsíá, àti ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé. Ibi mẹ́rin yìí ni mo ń ná agbára mi sí. Ìyókù, mo ń kun ún kó ṣáà ti mọ́ ni. Bàbá òyìnbó kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń kó ọmọ ogun tuntun sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, bàbá náà á dìde dúró, wọ́n á wo àwọn ère náà láti òkè. Ohun tí kò bá hàn, wọn kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Ìdánwò yẹn ni mo jí lò, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Nottingham ni mo ń gbé, ìlú tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ ju ibòmíràn lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lenton ni Games Workshop wà, àwọn tó ni Warhammer, eré ogun orí tábìlì kan tó kọ́kọ́ jáde ní 1983. Warlord Games náà ń bẹ nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìbejì Perry, Alan àti Michael, tí wọ́n ń gbẹ́ ère ọmọ ogun ayé àtijọ́. Ní 1996, níbi tí wọ́n ti ń fi ogun àtijọ́ ṣeré nílẹ̀ Faransé, àgbá ba ọwọ́ ọ̀tún Michael jẹ́, ó pàdánù rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ère gbígbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Tí ọwọ́ bá ń ro yín nídìí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ rántí rẹ̀. Ìyá mi rí àwọn ère tèmi tí mo tò sójú fèrèsé, lórí fídíò WhatsApp, wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé èwo nínú wọn ni mò ń bọ.

Bírígéèdì tí Colin Halkett, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó lọ sí Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀mù láti bá Napoleon ti Faransé jà, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815, ni mò ń kun. Ẹgbẹ́ ogun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: 30th, 33rd, 69th àti 73rd. Nítorí 73rd ni mo ṣe yan bírígéèdì yìí, torí pé inú rẹ̀ ni George Rose wà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Jàmáíkà, tó sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì wọṣẹ́ ológun. Ó gbọgbẹ́ ní Waterloo, ó sì di sájẹ́ǹtì kó tó fẹ̀yìn tì.

Ìpalẹ̀mọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ère ike mílímítà 28 ni wọ́n, ó ga tó oríkèé àtàǹpàkò. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ ike náà, kí òróró inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi yọ ère náà, kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ìlà tí mọ́ọ̀dù fi sí i lára, pàápàá lórí fìlà àti èjìká. Ọ̀dà kì í bo ìlà yẹn, ńṣe ló ń tú u síta. Gọ́ọ̀mù ike ń yọ́ ojú méjèèjì pọ̀ ni, nítorí náà kò lè mú irin. Superglue ni ti irin. Kí ẹ wá lẹ wọ́n mẹ́fà mẹ́fà mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, kó jẹ́ igi ni ẹ óò máa dì mú. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ń fín láti inú agolo, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dípò kí ẹ dà á bò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, ojú ère á rí ṣákiṣàki. Ti fáníìṣì, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a fi ń dáàbò bo iṣẹ́, tilẹ̀ burú jù, torí pé ó lè fi funfun bo iṣẹ́ tó ti parí pátápátá. Ọjọ́ gbígbẹ kò pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kun fáníìṣì tèmi.

Búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 1 tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, títí kan èyí tí ẹ rò pé ó nílò kékeré. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà gòkè dé ibi irin rẹ̀, ẹ má sì fi í dúró lórí sínú omi. Ẹ máa fi omi là ọ̀dà. Kíkun ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dára ju kíkun ún nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí ọ̀dà tó nípọn máa ń dí gbogbo ibi tí agbẹ́gilére ti gbẹ́. Kí ọ̀dà má baà gbẹ, ẹ tẹ́ kànrìnkàn tútù sínú abọ́ áísìkiriìmù (tí ẹ bá rí èyí tí kò sí ọbẹ̀ nínú rẹ̀ nílé yín), kí ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó bò ó lójú, orí bébà yẹn ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà.

Ó wá kan aṣọ. Gbogbo ayé mọ̀ pé pupa ni ẹ̀wù ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, àmọ́ pupa ọ̀gá yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń pàṣẹ fún. Ti ọ̀gá pupa fòò. Ti àwọn ọmọ ogun, gbòǹgbò ewéko tí wọ́n ń pè ní madder ni wọ́n fi rẹ ẹ́, nígbà tí òjò àti oòrùn bá sì ti lò ó, ó máa ń sún mọ́ àwọ̀ bíríkì. Ọ̀dà pupa kì í bo nǹkan dáadáa fúnra rẹ̀. Mo máa ń fi búráùn tó pọ́n díẹ̀ kun gbogbo ẹ̀wù ná, kí n tó wá fi pupa lé e, kí búráùn náà ṣì máa yọ nínú ìṣẹ́po aṣọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá yẹ kó bà sí, èjìká àti ìgbúnwọ́, ẹ po pupa pọ̀ mọ́ àwọ̀ ọsàn. Ẹ má fi funfun sí i, píǹkì ló máa dà. Mo ní pupa mẹ́ta tó yàtọ̀ síra díẹ̀ tí mo ń pín láàárín wọn, torí aṣọ ológun kì í ṣá bákan náà. Láti ọ̀kánkán, ọ̀gá wọn á ti dá yàtọ̀ láìjẹ́ pé mo ṣe wàhálà kankan sí i.

Ìgbànú funfun méjì tó gba ara wọn kọjá ní àyà, àwọ̀ eérú tó mọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Funfun gidi, etí òkè nìkan. Kí ẹ tó kun wọ́n, ẹ fa ìlà búráùn tó ṣókùnkùn sí ààlà ìgbànú àti ẹ̀wù. Ìlà yẹn ló ń mú kí ojú rí ìgbànú láti òkèèrè, ju funfun fúnra rẹ̀ lọ. Kọ́là àti etí ọwọ́ ẹ̀wù ló ń sọ ẹgbẹ́ ogun tó jẹ́: àwọ̀ ewé tó dúdú fún 73rd, pupa fún 33rd, ìyeyè tó ṣá fún 30th.

Ojú èèyàn ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má kun ẹyinjú. Fìlà àwọn ọmọ ogun yìí ní etí tó ṣíji bo ojú, ẹ sì wá fi àmì funfun àti dúdú sí i, ńṣe ni gbogbo ọ̀wọ́ náà máa ya ojú sílẹ̀ kòròkòrò. Ẹ gbé imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n jáde, ó tó.

Fún aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí mo kà kò gbà mí. Wọ́n á ní kí ẹ kun búráùn, kí ẹ wá fi funfun là á fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí ẹsẹ̀ ọmọ tí ọyẹ́ ti bá jà tí kò rí òróró pa. Ìmọ́lẹ̀ ara wa kì í ṣe funfun. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti búráùn tó dúdú gan-an tí mo fi àwọ̀ aró díẹ̀ sí, ìyẹn ni yóò wà nínú kòtò ojú àti lábẹ́ àgbọ̀n. Búráùn tó pọ́n ló tẹ̀ lé e lórí gbogbo ibi tó ga. Èyí tó kẹ́yìn, búráùn pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, orí imú, iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, kó má ju bí orí abẹ́rẹ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ àti ètè ìsàlẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ. Tí fáníìṣì tí kò dán bá ti gbẹ, mo máa ń fi èyí tó dán díẹ̀ kan iwájú orí rẹ̀, nítorí ara dúdú máa ń kọ mànà. Kí ẹ má sì ṣe gbogbo wọn lójú kan. Ẹ ṣí fọ́tò ìgbéyàwó kan nílé yín, adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ ló jọ dúró síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

George Rose nìkan sì kọ́. 29th lo àwọn onílù aláwọ̀ dúdú láti 1759 títí di 1843. Àwòrán Thomas James, ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin 18th Light Dragoons, tó gba mẹ́dàl Waterloo, wà ní National Army Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín nídìí tábìlì pé ẹ ń fi ti òde òní ba ìtàn jẹ́, ẹ ní ohun tí ẹ óò fi dá a lóhùn.

Béèsì, ìyẹn pẹlẹbẹ tí wọ́n dúró lé, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sí ìkẹyìn, tí wọ́n sì ń sáré ṣe. Òun ni mo kọ́kọ́ ń pinnu. Mẹ́fà ni mo ń tò sórí pẹlẹbẹ tó gùn ní mílímítà 60, tó sì fẹ̀ ní 50, tí ẹ bá sì wò ó láti òkè, ilẹ̀ tí ẹ ń rí pọ̀ ju aṣọ lọ. Béèsì tó bára mu lè jẹ́ kí kíkun tó wà níwọ̀n dà bí iṣẹ́ ọ̀gá. Ère tó dáńgájíá lórí ilẹ̀ tó yàtọ̀ síra kò lè di ogun láé.

Ẹ wádìí ilẹ̀ náà kí ẹ tó ra koríko. Òjò rọ̀ gan-an lóru mọ́jú ọjọ́ ìjà Waterloo. Ẹrẹ̀ pọ̀ débi pé ó ṣòro láti gbé àgbá kiri, Napoleon sì ní láti dúró. Ó ti ń lọ sí agogo méjìlá ọ̀sán kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkà tí wọ́n ń pè ní rye ló wà lóko, ó sì ga. Níbi ìjà Quatre Bras, ọjọ́ méjì ṣáájú, àárín ọkà gíga yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé ti já lu 69th, wọ́n sì gba àsíá ọba lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ tí mò ń wá, nígbà náà, ẹrẹ̀ ni, pẹ̀lú ọkà tí ẹsẹ̀ àti bàtà ẹṣin ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Koríko tútù yọ̀yọ̀ inú ọ̀rá ilé ìtajà kò sí níbẹ̀.

Mo máa ń po pọ́tì ògiri pọ̀ mọ́ ọ̀dà búráùn àti gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, màá fi bo ibi tí ẹsẹ̀ ère ti pàdé pẹlẹbẹ, kó má baà hàn pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. Kó tó gbẹ, òkúta wẹ́wẹ́ mélòó kan, yanrìn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Búráùn tó dúdú ni yóò bo gbogbo rẹ̀, ẹ óò wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀ ra orí yanrìn pẹ̀lú àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ jù ú lọ. Inú kòtò, ẹ kán fáníìṣì tó ń dán sí i, omi òjò nìyẹn. Fún ọkà, ẹ fa fọ́nrán èèpo àgbọn yọ lára ẹní ẹnu ọ̀nà tó ti gbó, ẹ gé e, kí ẹ tẹ́ ẹ sí apá kan náà, kí díẹ̀ ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá fi kànrìnkàn kékeré bu búráùn béèsì yẹn gan-an sí etí ṣòkòtò àti bàtà wọn. Kò gba àkókò rárá, òun ló sì ń so èèyàn mọ́ ilẹ̀. (Tó bá jẹ́ ogun Kírìjì ni mò ń kun, ilẹ̀ pupa tí gbogbo wa mọ̀ ni ì bá wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá lẹ koríko Bẹ́ljíọ̀mù mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn, èmi àti ẹ̀ ló máa jà.)

Àsíá, bébà tí wọ́n tẹ̀ ló dára jù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ohun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì kun etí rẹ̀, torí funfun bébà máa ń yọ síta. Ẹ fi wáyà rọ́pò òpó ike rẹ̀, ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín kò ní pẹ́ ṣẹ́ òpó ike. Mi ò fún 69th tèmi ní àsíá ọba.

Tí ẹ kò bá tíì kun ọ̀wọ́ kankan rí, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àwọn Faransé tó wọ kóòtù gígùn: àwọ̀ kan ló bo ara wọn láti ọrùn dé orúnkún, ó sì lè jẹ́ eérú, ó lè jẹ́ búráùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá yín jà tí kò bá dọ́gba. Fún béèsì, ẹ lọ sí ilé ìtajà ọ̀dà ògiri, ẹ ra agolo kékeré tí wọ́n fi ń dán àwọ̀ wò. Ó pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú ju tinú ìgò kékeré lọ. Ẹ ra méjì, kí ẹ kọ orúkọ àwọ̀ náà síbì kan, nítorí àwọn ilé ìtajà máa ń pa àwọ̀ tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ óò kun lọ́dún tó ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹrẹ̀ kan náà.