Superposition lórí ìwé, superposition lórí tábìlì láàbù

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà iná ní Ẹ̀pẹ́, superposition, ìyẹn ká jẹ́ kí orísun iná kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lóun nìkan, ká wá ro àbájáde wọn pọ̀, kò le lórí ìwé. Orí tábìlì láàbù ló ti ń dá wàhálà sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí.

Ẹ mú sákíìtì yìí. 12 V gba inú rẹsítọ̀ 2 kΩ dé oríta A, 6 V gba inú 3 kΩ dé oríta kan náà, mínọ́ọ̀sì àwọn méjèèjì wà ní ilẹ̀. Láti A, 6 kΩ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Bí ẹ kò bá rí 6 kΩ rà, ẹ so 3 kΩ méjì tẹ̀léra. Ẹ yọ 6 V, kí ẹ fi wáyà dí àyè rẹ̀: 3 kΩ àti 6 kΩ di 2 kΩ, A sì gba 6 V. Ẹ dá a padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 12 V: A gba 2 V. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 V.

Ẹ yọ bátìrì tàbí power supply ná kí wáyà tó wọlé o. Wáyà tí ẹ bá fi so ẹnu bátìrì tó ṣì wà nídìí sákíìtì á gbóná, bátìrì á sì bàjẹ́. Pípa bọ́tìnnì power supply náà kò tó, torí power supply tí a pa kì í ṣe wáyà. Tó bá jẹ́ current source, ìyẹn orísun tó ń tú iye kọ́rẹ́ǹtì kan pàtó jáde, òfìfo ni kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Dependent source, ìyẹn orísun tí fólítéèjì tàbí kọ́rẹ́ǹtì ibòmíràn nínú sákíìtì ń darí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú nìyí. 12 V nìkan ń rán 2 mA gba inú 3 kΩ lọ síhà 6 V. 6 V nìkan ń rán 1.33 mA jáde níbẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ku 0.67 mA tó ń wọ inú 6 V. Bátìrì tó ṣeé chájì á gbà á. Ọ̀pọ̀ power supply láàbù kò lè gbà á. Títú jáde nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀ka 3 kΩ á wá dà bí èyí tí wọ́n gé, mítà á ka 9 V. Ìṣirò yín kò ṣì. Ohun tí fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ jọ ń pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà ni superposition ń bá ṣe, power supply tó kọ kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀ sì ti jáde nínú ìyẹn, bíi LED gan-an. Ẹ so 1 kΩ láti plọ́ọ̀sì sí mínọ́ọ̀sì 6 V náà. Ó ń fa 6 mA, 0.67 mA tó ń bọ̀ á rí ibi gbà, power supply á kàn dín tirẹ̀ kù sí 5.33 mA, 8 V á sì padà.

Ẹ má ro páwà pọ̀. Lórí 6 kΩ, 6 V mú 6 mW wá, 2 V mú 0.67 mW, àmọ́ 8 V ń jẹ 10.67 mW. 4 mW tó sọnù yẹn wá láti inú ìlọ́po fólítéèjì fúnra rẹ̀. Ẹ ro fólítéèjì pọ̀ tán, kí ẹ tó ṣírò páwà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.