Ẹ kọ́kọ́ lọ sídìí tábìlì egungun: bí a ṣe ń wo ilé ìṣàfihàn ẹranko kékeré

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ kó ọmọ wá wo ẹranko ní Ọ̀yọ́ ló rò pé Ìsokùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ àgbà ọgbà Old Oyo National Park wà, ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó fúnra rẹ̀, tó tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, wà lókè lọ́hùn-ún, lápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Tedé, Ìgbẹ́tì àti Kìṣí. Ní 1936 ni wọ́n ti ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ lókè odò Ògùn, wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ẹni tó fẹ́ rí ẹfọ̀n àti ìgalà ní pápá, ibẹ̀ ni kó forí lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti jó tán. Ilé ìṣàfihàn kékeré, tó ní ẹranko nínú àgò, egungun àti òkú ẹranko tí wọ́n tọ́jú, ní iṣẹ́ tirẹ̀: ibẹ̀ lèèyàn ti lè sún mọ́ nǹkan dáadáa, kó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Bí oòrùn bá ti mú, ọ̀pọ̀ ẹranko á ti wọ ibòji. Nígbà ọyẹ́ ṣá, ẹ fi ejò àti ìjàpá sí aago mọ́kànlá, nítorí oòrùn ni ara wọn fi ń yá.

Kí ẹ tó dé ìdí àgò, ẹ lọ sídìí tábìlì egungun, kí ẹ béèrè egungun orí ọ̀yà àti ti ẹtu. Ẹtu kò ní eyín iwájú lókè rárá. Erìgì líle ló ń tẹ ewé mọ́ eyín ìsàlẹ̀. Eyín iwájú ọ̀yà ní tirẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lókè sì ní ilà gbọọrọ mẹ́ta. Ẹ fi èékánná kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ti eku ilé dán ní tiẹ̀. Eyín ọ̀yà kì í yé hù títí tó fi máa kú, òun ni ọlọ́sìn ọ̀yà fi gbọ́dọ̀ ju igi líle sínú àgò. Bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá kanra, wọn á gùn kọjá ara wọn, ebi á sì pa ẹran náà lójú oúnjẹ.

Ẹtà ní eyín 40. Akika kò ní ẹyọ kan. Ahọ́n ló fi ń lá èèrà àti ikán, òkúta wẹ́wẹ́ tó gbé mì ló sì ń bá a lọ̀ ọ́ nínú ikùn. Ẹni tó ra akika lọ́wọ́ ọdẹ tó ní òun fẹ́ sìn ín nílé, ikú ló rà fún un. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti ka fífi akika ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀.

Ẹ wo àwọn ìgò tí wọ́n kó òkú ẹranko sí. Fọ́málínì (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà) ìdá kan sí omi ìdá mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń mú ẹran le, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú sípíríìtì 70%. Bí ìdérí kò bá lẹ̀ dáadáa, sípíríìtì ló ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ, omi ló ń ṣẹ́kù, ohun tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bí ẹ bá rí i pé omi ìgò ti fà, tí orí ejò yọ síta, ẹ sọ fún olùtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ní ti awọ, ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ àti irun tó ń já fi hàn pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú fírísà ní −18°C, nínú ọ̀rá tí a dì pa, ló ń pa wọ́n. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, kò ní ṣiṣẹ́, àfi kí jẹnẹrétọ̀ wà ní sẹpẹ́.

Ẹ má bẹ olùtọ́jú pé kó gbé mọ́nàmọ́ná jáde bí kò bá tíì pé ọjọ́ méjì tó jẹun, torí ó lè bì í. Ẹ má ju ẹ̀pà sí ìjímèrè, bó bá sì ṣí eyín, ẹ má rò pé ẹ̀rín ló ń rín: ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí ó ń halẹ̀.

Ẹ ka ìwé pélébé tó wà lára ohun kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní ibi tí wọ́n ti rí i àti ọjọ́ tí wọ́n rí i, ọ̀ṣọ́ lásán ni, olùwádìí kankan kò lè lò ó.

Ẹ má fọwọ́ kan òkú ẹranko tí wọ́n ki nǹkan sínú awọ rẹ̀, pàápàá àwọn tó ti pẹ́. Wọ́n ń fi àsẹ́níìkì tọ́jú awọ láyé àtijọ́, májèlé náà kì í sì í kúrò. Ẹ mú ọṣẹ dání, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.